Títọpa Ọ̀dọ́ Àlùfáà Kan: Ẹ̀kọ́ Ńlá fún Ìtàn Ìdílé Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ ní Òrè, níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

 

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ìdílé, kí ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè mú lọ sílé lẹ́yìn ìrẹsì àti ẹran. A dúpẹ́ pé wọ́n yan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí-kan ni wá. Ọdún tí wọ́n bí wa ni ó so wá pọ̀. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dìde nísinsìnyí, kí ó sọ ìgbà tí wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀, ìlú tí ìyá ìyá rẹ̀ ti wá, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà dé agbègbè yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò rọra jókòó padà.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀, ibùgbé rẹ̀ àti ìgbà rẹ̀ sílẹ̀ ni àrọ́mọdọ́mọ lè rí. Ẹni tí a kò bá kọ, bó ti wù kó ṣe gudugudu méje àti yààyà mẹ́fà tó, ìran kẹta yóò gbàgbé rẹ̀. A ó fi ìgbésí ayé ọ̀dọ́ àlùfáà méjì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Scotland. Èkejì jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, Oǹdó níbí ni ó sì ti lo agbára ìgbà èwe rẹ̀.

Ọ̀dọ́ àlùfáà kan ní Scotland

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1813 ni wọ́n bí Robert Murray M'Cheyne ní ìlú Edinburgh. Ó kàwé ní Yunifásítì ìlú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1835 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ àlùfáà ní Larbert àti Dunipace. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1836, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ìjọ St. Peter's ní Dundee, ìlú tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kún, tí àwọn òṣìṣẹ́ tálákà sì pọ̀ níbẹ̀. Ní 1839, òun àti àlùfáà mẹ́ta mìíràn rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Palẹ́sìtínì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1843, nígbà tí ibà burúkú kan ń jà ní Dundee, ó kó o lára àwọn aláìsàn, ó sì kú. Kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Kò gbé ìyàwó, kò sì bímọ.

Ẹ jẹ́ ká rò ó bí Yorùbá. Ẹni tí kò pé ọgbọ̀n ọdún, tí kò ní ìyàwó, tí kò ní ọmọ: òkú ọ̀fọ̀ ni. Ìdákẹ́ ni àwọn ará ilé máa ń fi sin irú òkú bẹ́ẹ̀. Tí ó bá yá, orúkọ rẹ̀ yóò di ohun tí a kì í pè mọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ní ilẹ̀ tí M'Cheyne kò dé rí, àwọn onígbàgbọ́ ṣì ń lo ètò tí ó ṣe fún kíka Bíbélì tán láàárín ọdún kan. Kí ló fà á? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Andrew Bonar, tí òun náà jẹ́ ọ̀dọ́ àlùfáà, kó lẹ́tà rẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, ó sì tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1844. Kò jẹ́ kí ọdún gorí ọdún. Ọmọ tí M'Cheyne kò bí kọ́ ni ó pa orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹgbẹ́ wa fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Àlùfáà tí kò lókìkí ńkọ́? Àwọn ìdílé tí bàbá ńlá wọn jẹ́ àlùfáà ní Scotland kì í wá a títí kí wọ́n tó rí i. Láti 1866, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Hew Scott bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá kan jáde tí a ń pè ní Fasti Ecclesiae Scoticanae. Ó to orúkọ àwọn àlùfáà ìjọ Scotland síbẹ̀, ìjọ kan tẹ̀lé òmíràn, láti 1560: ibi tí wọ́n ti bí ẹni náà, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́, ọdún tí ó gba oyè, ẹni tí ó fẹ́ àti àwọn ọmọ tí ó bí. Yàtọ̀ sí èyí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1855 ni òfin ti pàṣẹ níbẹ̀ pé kí a kọ gbogbo ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sínú ìwé ìjọba. Ṣáájú ìgbà náà, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ọmọ ọmọ ọmọ darandaran kan níbẹ̀ fi lè jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà láàárọ̀, kí ó sì ti mọ orúkọ ìyá ìyá bàbá rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ẹ má rò pé òyìnbó ni wọ́n ni ó jẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn náà ní àṣà bíi tiwa. Bí a ti ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé Scotland ti máa ń fi orúkọ bàbá bàbá sọ àkọ́bí ọkùnrin. Nítorí náà, orúkọ kan náà a máa wà lára bí ènìyàn mẹ́fà nínú ilé kan. Ohun tí ó mú kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ ni pé ẹnìkan kọ ọjọ́ àti ibi sílẹ̀.

Ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó wá sí Oǹdó

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọdún 1847 ni wọ́n bí Charles Phillips, ọdún kan péré ṣáájú Mary Slessor, obìnrin Scotland tí gbogbo wa kọ́ nípa rẹ̀ nílé ìwé. Slessor gúnlẹ̀ sí Calabar ní 1876. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1877, Ẹgbẹ́ Ìhìnrere CMS rán Phillips sí Òde Oǹdó. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni.

Oǹdó tí ó dé kì í ṣe Oǹdó tòní. Ogun àti ìjà abẹ́lé ti tú ìlú náà ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1872 ni Gómìnà Glover ti Èkó rán Ọ̀gágun Goldsworthy wá láti bá wọn parí ìjà, kí àwọn ènìyàn lè padà sí Òde Oǹdó, kí ọ̀nà ìlà-oòrùn láti Èkó sì lè ṣí. Ọ̀nà yẹn kan àwa gan-an. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni wọn yóò wọ̀ gba ojú ọ̀sà, wọn yóò gúnlẹ̀ sí etídò ní ìhà ilẹ̀ Ìkálẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ẹsẹ̀ la igbó kìjikìji ìhà gúúsù Oǹdó kọjá. Inú igbó ńlá ìhà ibí yìí kan náà ni títì Èkó sí Benin gbà kọjá lónìí, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró ní Òrè kí èrò lè jẹun. Àwọn tí ó ṣáájú wa fi ẹsẹ̀ rin ín, ẹrù lórí, ìbẹ̀rù ogun lọ́kàn.

Ní ọdún tí Phillips dé yẹn náà ni iná ogun gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tún ràn. Láìpẹ́, Ìbàdàn ní apá kan, Èkìtìparapọ̀ ní apá kejì, dojú kọ ara wọn ní Kírìjì. Ogun náà kò tán bọ̀rọ̀. Ní 1886, Gómìnà Moloney ní Èkó ń wá ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, ẹni tí ìhà méjèèjì yóò gbà gbọ́. Òyìnbó kọ́ ni ó rán. Ó rán àlùfáà Yorùbá méjì. Samuel Johnson lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn. Charles Phillips gba Oǹdó lọ bá àwọn ọba Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1886 ni àdéhùn àlàáfíà náà wáyé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn olórí ogun méjèèjì fọwọ́ sí i ní Kírìjì gan-an, níwájú Higgins àti Smith tí Gómìnà rán wá.

Ẹ ṣírò ọjọ́ orí wọn. Wọ́n bí Johnson ní oṣù Kẹfà ọdún 1846, wọ́n bí Phillips ní 1847. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú kan náà ni wọ́n gbé, ẹgbẹ́ kan náà ni wọn ì bá wà. Ẹni bí ogójì ọdún ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n gbé àlàáfíà lọ àlọbọ̀ láàárín àwọn ọba. Iye ọdún tí ó wà lórí àwa tí a jókòó síhìn-ín nìyẹn. Ìgbà tí a bá rántí èyí, a kì í lè sọ mọ́ pé ọmọdé ni wá sí ọ̀rọ̀ ìlú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1893, wọ́n fi Phillips àti Isaac Oluwole jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Hill. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Oǹdó, ó sì kú ní 1906. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni Thomas Ekundayo Phillips, ògbóǹtarìgì olórin ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń tẹ dùùrù Kàtídírà Èkó láti 1914 títí di 1962.

Bí a ṣe lè tọpa rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa Phillips kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá babaláwo. CMS kò gbà kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ dákẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ ìròyìn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù: ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ìlú tí wọ́n dé, àìsàn, òjò, ìjà, ìrìbọmi. Àwọn ìwé náà wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Ìwé Phillips fúnra rẹ̀ sì wà nílé níbí, ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní 1954. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Òrè láàárọ̀ lè dé ibẹ̀ ní ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n kòtò wà lójú ọ̀nà. Bàbá àlùfáà wa yìí náà ń jẹ́ Charles Phillips, òun náà sì ṣiṣẹ́ fún CMS, ní Ìjàyè, kí ogun tó pa ìlú náà run ní 1862. Ẹni tí kò bá fi ọjọ́ àti ibi wé ara wọn yóò kó iṣẹ́ bàbá sọ́rùn ọmọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Johnson. Samuel, Henry, Nathaniel àti Obadiah jẹ́ ọmọ ìyá. James Johnson tí ó jẹ́ ọ̀gá àlùfáà ní ìhà ibí nígbà náà kì í ṣe ara wọn rárá. Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ẹ ò rí i pé Adébáyọ̀ pọ̀ ní Odígbó, Akínṣọlá pọ̀ ní Òrè? Orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Orúkọ, ibi àti ìgbà: mẹ́ta ni ààrò tí kì í da ọbẹ̀ nù.

Kòtò kejì ni pé ìwé a máa sọnù. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, kò sì sẹ́ni tó rí i mọ́. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah náà ti kú ní 1920. Bí kì í bá ṣe ti àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé àti àbúrò tí kò káàárẹ̀, òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn wa ì bá wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ ìtàn ìdílé rẹ̀, kí ó má jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo. Fóònù a máa bọ́ sómi, kọ̀ǹpútà a máa bàjẹ́, ilé a máa jó.

Àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn

Ẹ jẹ́ ká béèrè nǹkan kan. Nígbà tí Phillips ń bọ̀ láti etí ọ̀sà, ta ni ó ru ẹrù rẹ̀? Ta ni ó ṣíwájú rẹ̀ nínú igbó? Obìnrin wo ni ó se oúnjẹ fún un ní abúlé tí ilẹ̀ ti ṣú u? Ta ni ó gbé etí sí àkọ́kọ́ ìwàásù rẹ̀, tí ó sì fi ọmọ rẹ̀ sílé ìwé? Àwọn bàbá àti ìyá ńlá wa ni wọn. Àwọn ni ó fi ẹsẹ̀ la ọ̀nà tí ìtàn gbà. Ọ̀nà náà wà nínú ìwé, àlùfáà náà wà nínú ìwé. Àwọn tiwa kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò ní ìtàn. Wọ́n ní oríkì, wọ́n ní orílẹ̀, wọ́n ní ìjálá, wọ́n ní orin agbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ oríkì ń kú, àwọn ọmọ tí ó yẹ kí ó gbà á sì wà ní Lẹ́kí, wọ́n wà ní Kánádà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí a kò bá mọ ilé mọ́, kí la ó wò?

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ rìn jìnnà ní agbègbè tiwa. Òrè jẹ́ oríta. Yàtọ̀ sí àwọn onílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kòkó, igi gẹdú àti òwò gbé wá: Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò àti Urhobo. Orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá oko níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abà wa ń jẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kọ orúkọ abà náà sí ìwé ìdánwò, kò sì mọ̀ pé bàbá bàbá òun ni a fi sọ ibẹ̀.

Ohun tí a ń rí ní báńkì

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí owó ló ń fi í hàn wá. Àgbà yóò wá ṣí àkáǹtì, a ó béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún BVN, yóò ní, "Ọmọ mi, ẹ kọ èyí tí ẹ bá fẹ́." Ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ wí ọdún kan, káàdì ìdìbò wí òmíràn, ìwé owó ìfẹ̀yìntì wí ẹ̀kẹta. Nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ àti ọmọ ìyàwó kejì yóò wá síwájú wa, olúkúlùkù pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀. Báńkì kò lè fi oríkì san owó. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ ni a ó ní kí wọ́n mú wá, ilé ẹjọ́ yóò sì béèrè ẹ̀rí. A ti rí owó tí ó sùn sí àkáǹtì fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ìdílé kò lè fẹnu kò lórí orúkọ tí bàbá wọn jẹ́ gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀ oko: ta ló gba ilẹ̀ náà, lọ́wọ́ ta ni, ṣé ó san ìṣákọ́lẹ̀ ni tàbí ó rà á? Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Láti 1992 ni òfin ti ní kí a máa forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, lọ́wọ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Ó dára fún àwọn ọmọ wa. Kò kan àwọn òbí wa.

Ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Ìkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara yín. Ẹ kọ orúkọ tiyín, ti òbí méjèèjì, ti òbí àwọn òbí. Ẹ má fo ìhà ìyá. Orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kí ó tó délé ọkọ, ìlú rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń sọnù.

Ìkejì, ẹ jókòó ti àgbà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọjọ́ ọdún tí ariwo pọ̀. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki ara wọn ní oríkì, kí ohùn yẹn wà.

Ìkẹta, bí àgbà kò bá mọ ọdún, ẹ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wá a. Ṣé wọ́n ti bí i nígbà lúkúlúkú ní 1918? Ṣé ó ti ń rìn ní ọjọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947? Ṣé ó wà lára àwọn tí ó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955? Ibo ni wọ́n sá lọ nígbà tí ogun abẹ́lé dé Òrè ní 1967? Ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà ńkọ́? Ṣé ó ti gbé ìyàwó nígbà tí a yí ọkọ̀ wíwà sí apá ọ̀tún ní 1972, tàbí nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973? Ọmọ wo ni ó gbé pọ̀n nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976?

Ìkẹrin, ẹ tú àpótí ilé. Ìwé owó orí, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, rìsíìtì kòkó, ìwé ilẹ̀, káàdì ilé ìwé, fọ́tò tí a kọ nǹkan sí lẹ́yìn. Ẹ ya fọ́tò wọn kí ikán tó jẹ wọ́n.

Ìkarùn-ún, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Àáfà àti àgbà mọ́ṣáláṣí, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n so yìgì fún. Ẹ wo ìwé ìwọlé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ohun tí a kọ sára sàréè.

Ìkẹfà, ẹ má ṣe ojúsàájú. Ìwé ètò ìsìnkú a máa sọ gbogbo òkú di ẹni mímọ́. Bí ìtàn méjì bá ta kora, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì kọ ẹni tí ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrú bá wà nínú ìtàn, bí ìwọ̀fà bá wà níbẹ̀, bí ọmọ kan bá wà tí a kì í dárúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìtàn kì í ṣe ohun tí a fi ń ta ẹlòmíràn yọ.

Ìkeje, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ tí ó wà lókèèrè, ọ̀kan ní ẹgbẹ́.

Àbá wa

Ẹ̀dà kẹta yẹn ni a fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. A dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ní Ìwé Ìdílé. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ojú ewé mẹ́rin péré, ìran mẹ́rin, kí ó fi fún Akọ̀wé kí ọdún tí ó ń bọ̀ tó parí. Kí Alukoro máa tò ó jọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ráyè, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ bá a jókòó, kí ó bá a kọ ọ́. Bí ọ̀kan nínú wa bá sì papò dà, kí ẹgbẹ́ má fi aṣọ ẹgbẹ́ àti owó ìrànwọ́ nìkan sin ín. Kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé náà kí ogójì ọjọ́ tó pé, bí ọ̀rẹ́ M'Cheyne ti ṣe fún un.

A kò bínú sí Charles Phillips pé ó wà nínú ìwé. Iṣẹ́ ribiribi ni ó ṣe fún ilẹ̀ yìí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí àwa náà kọ nípa àwọn tí ó gbà á lálejò. Kò sí CMS kankan tí yóò kọ ọ́ fún wa, kò sí Birmingham kankan tí yóò tọ́jú rẹ̀. Bí a bá dúró títí a ó fi di àgbà, ẹnu ta ni a ó ti gbọ́ ọ?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ wà níbí, ẹ jọ̀wọ́, bí àwọn ọmọ yín bá wá bá yín pẹ̀lú bírò àti ìwé, ẹ má lé wọn. Ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó rí ọmọ ọmọ yín tí yóò ka orúkọ yín jáde.

Ẹgbẹ́ wa ti pé ọdún mẹ́wàá. A ti kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé, a ti rán ọmọ lọ sílé ìwé, a ti sin òkú, a ti sọ ọmọ lórúkọ pọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe ogún, kí a ṣe ọgbọ̀n, kí ẹgbẹ́ má ṣe tú mọ́ wa lórí. Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá sì ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún ẹgbẹ́ yìí, kí wọ́n má béèrè pé, "Ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí?" Kí wọ́n ṣí ìwé, kí wọ́n rí wa.